Bàbá Mi Kágò ní Erékùṣù tí Kò Lénìyàn

Ìkíni ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti Halifax. Òtútù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí láti Ìjẹ̀bú-Òde débi pé ẹ̀wù tí mo rà sílẹ̀ dè é wúwo ju èmi tí mo wọ̀ ọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jáde, mo bá àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lójú títì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rántí ibi tí mo wà, mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn wojú mi, ó wo ilẹ̀ tó ti kó, ó ní ṣé ibì kan wà tí òun ò kó dáadáa ni.

Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí awakọ̀. Mo kí ẹni tí mo jókòó tì. Mo kí ìyá àgbàlagbà kan tó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ìyá náà fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Nílé, kí n tó rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí mo ti ń wọ ọ̀kadà, wọ́n á ti bi mí léèrè ọkọ, wọ́n á ti bi mí léèrè iṣẹ́, ẹnìkan á sì ti ní kí n bá òun ra búrẹ́dì bọ̀. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Mo máa ń sọ pé àwọn ará Ìjẹ̀bú yìí ti fẹ́ràn àtojúbọ̀ jù. Halifax ni mo ti wá mọ̀ pé àtojúbọ̀ náà ní ohun tó ń ṣe lára èèyàn. Ọkùnrin kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi, ògiri kan ló là wá láàárín, odidi ọdún kan ni mo sì lò níbẹ̀ tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju ikọ́ rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Yunifásítì tó wà ní Ìjagun ni mo ti kàwé, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo dé Kánádà, wọ́n ní ìwé mi dára púpọ̀, kí n kàn lọ ka òmíràn kún un. Kí n tó ráyè kà á, mo gba iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú. Àwọn ọmọ wọn ló ń bí mi nínú. Bàbá kan wà níbẹ̀, atukọ̀ ni nígbà tó lágbára. Ní gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń di táì mọ́rùn, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìlú kan náà làwọn ọmọ ọ̀hún ń gbé. Bí mo bá ń tú táì náà lọ́rùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́, màá máa bú wọn sínú.

Mo ròyìn wọn fún bàbá mi lórí fóònù.

"Bàbá, wọ́n da bàbá wọn nù síbí bí ẹni da ilẹ̀ nù."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá mi." Ìyá mi ló máa ń pè mí, torí pé kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi. "O ò mọ ohun tó ń lé àwọn náà."

"Kí ló lè máa lé èèyàn tí kò fi ní lè wá wo bàbá ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣọ́ ẹnu mi, pé Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Kí n má ṣe aláìmoore, ìlú náà fún mi láyọ̀ tèmi. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ìwakọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti já mi bọ́ nígbà àkọ́kọ́ torí pé mo fun fèrè mọ́ ẹni tó ń sọdá, mo wakọ̀ yípo àdúgbò láìní ibi tí mo ń lọ. Ọjọ́ tí mo rí ewùrà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà, mo gbé e mọ́ra bí ọmọ. Mo rin ín, mo se ìkókoré, mo da ẹja gbígbẹ àti ata sí i títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé, ni ọkùnrin oníkọ́ bá kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń jóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bu díẹ̀ fún un, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi.

Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá bi mí pé níbo ni ilé mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ń béèrè. Bó bá jẹ́ òyìnbó, màá ní Ìjẹ̀bú. Bó bá jẹ́ ará ilé tó pè láti Nàìjíríà, tó ń béèrè bóyá mo wà nílé, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wà nílé, yàrá méjì tó wà lókè téńté ní Halifax ni mo sì ń sọ. Ọmọ mi Tọ́ní kò ní ìṣòro yẹn. Ibí ni wọ́n bí i sí. Bí mo bá ní ká lọ sílé, bàtà rẹ̀ ló ń wá láti fi wọ bọ́ọ̀sì.

Tọ́ní yìí ló mú kí n ránṣẹ́ pe bàbá mi. Ọkọ mi rí iṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ó sì di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó wálé. Tọ́ní bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Àsìkò tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń gbé e, mo ti wà níbi iṣẹ́, àsìkò tó sì ń dá a padà, mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí bàbá mi wá sinmi. Mo ní kó wá fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì, mo lè fi Bíbélì búra. Ṣùgbọ́n òótọ́ kẹta wà tí n kò sọ síta: mo nílò ẹni tí yóò máa mú ọmọ mi lọ bá bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí mo ní kó wá sinmi yìí, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ìsinmi rẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Owó oṣù olùkọ́ ló fi kọ́ ilé rẹ̀ ní Ayépé Ìjẹ̀bú, ó kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́ tó fi jẹ́ pé àwa ọmọ rẹ̀ ti bàlágà kí ó tó lé òrùlé. Màmá mi kú kí n tó kúrò nílé, iwájú ilé náà la sì sin ín sí. Ní Sátidé, bàbá mi á mú àdá, á ro iwájú ilé, á gbá orí sàréè, á sì máa ròyìn ọ̀sẹ̀ fún màmá mi bí ẹni pé ó ti ọjà dé. Bó bá parí, àdúrà kan náà ló ń gbà: kí ilé òun má dahoro.

Òun náà ló wá ń jí jókòó sójú wíńdò mi. Láti ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí èbúté, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, àti erékùṣù kan tó dúdú fún igi láàárín omi.

"Ta ló ni oko yẹn tí kò ro ó?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Kì í ṣe oko, Bàbá. Erékùṣù ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

"Ilẹ̀ tó súnmọ́ ìlú tó báyìí?" Ó mi orí. "Ní Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ onílẹ̀ ì bá ti tà á fún èèyàn mẹ́ta."

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá Tọ́ní tó ti jẹun, tó ti wẹ̀, tó ti mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Abọ́ á ti di fífọ̀. Bàbá mi á wà níbi tí mo fi í sí láàárọ̀. Màá bi í pé ta ló bá sọ̀rọ̀ lónìí. Á ní, "Tọ́ní." Màá ní lẹ́yìn Tọ́ní ńkọ́? Á rẹ́rìn-ín, á ní Tọ́ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ la jọ fẹnu kò sí pé yóò padà. Yìnyín yọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró di Àjíǹde. Ó ní, "Kò burú, Ìyá mi." Àjíǹde kọjá, mo ní kó jẹ́ ká sún un sí oṣù kẹfà. Ó ní, "Kò burú." Ì bá dára ká ní ó bú mi. N kì bá tí mọ bí ó ti burú tó bí kì í bá ṣe ti ìpè tó máa ń pe ará àdúgbò wa kan ní Ayépé, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ sí i, ohùn rẹ̀ á sì yí padà, á le, á dà bíi ti ẹni tó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko.

"Ulé mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti ro iwájú ẹ̀?"

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé máa ń ní àwọn ti ro ó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó ní kí bàbá mi jọ̀ọ́ má bínú, ẹsẹ̀ ń dun òun láti ọjọ́ yìí, òjò sì ti dé. Bàbá mi ní kó ya fọ́tò ilé náà kí òun rí i. Fọ́tò náà wọlé sórí fóònù mi. Koríko ti dé ojú wíńdò. Mo wá sàréè màmá mi, n kò rí i. Bàbá mi gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́, ó dá a padà fún mi, ó sì lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Lẹ́yìn fọ́tò yẹn ni mo tún sún ìrìnàjò rẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa dún létí ẹni tó bá ń kà á. Ilé-ìwé Tọ́ní fẹ́ gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, n kò rí ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sì kọ̀ láti yí àsìkò iṣẹ́ mi padà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo tẹ fóònù, mo gbé ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn Kérésìmesì. Bàbá mi ti di ẹrù rẹ̀. Àpò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti so ribọ́n pupa mọ́ ọn kí ó má bàa sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wọlé, mo rí ribọ́n, mo sì pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún pa á mọ́. Ní ibi iṣẹ́, mo tú táì lọ́rùn bàbá atukọ̀ bí mo ti ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni bú mọ́.

Líńdà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ erékùṣù sílẹ̀. Ó ní bí bàbá mi bá fẹ́ràn oko, kí n mú un lọ síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń gbé èèyàn lọ láàárọ̀, ó sì ń padà wá kó wọn lọ́sàn-án. Ó ní igbó ni gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́, ara á tù ú. Mo rò ó pé bí ara bá tù ú tán ni màá sọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọdé ní àgbo kíkorò, ó máa ń fi súgà sí i lẹ́nu ná. Bí mo ṣe mú bàbá mi nìyẹn.

Tọ́ní lọ sí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sátidé náà. Èmi àti bàbá mi wọ ọkọ̀. Ó dé fìlà, ó wọ ẹ̀wù òtútù mi àtijọ́, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ ń pariwo bá ẹ̀rọ ọkọ̀ jà, ó ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa, èmi ń túmọ̀. Ó ní àwọn ẹbí bíi mélòó kan gbé ibẹ̀ rí, wọ́n dáko, wọ́n bímọ, wọ́n ní ilé-ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sílùú, títí ẹnì kan kò fi kù. Ìjọba wá dá ibẹ̀ sí fún igbó àti ẹyẹ.

"Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?" bàbá mi béèrè.

Mo bi ọkùnrin tó ń tukọ̀ náà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìlú tí a ti ń bọ̀. Ó ní wọ́n wà níbẹ̀.

Bàbá mi yíjú wo àwọn ilé gíga náà. "Wọ́n ń ti ibẹ̀ yẹn wo ilé bàbá wọn?"

N kò túmọ̀ ìyẹn.

Níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀, pátákó kan wà níbẹ̀ tó ní kí a ṣọ́ra fún eégbọn. Mo ti ṣòkòtò mi bọ inú ìbọ̀sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo ń ti ti bàbá mi bọ̀ ọ́. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun tí òun ń já eégbọn lára ajá kí wọ́n tó bí mi, ṣé eégbọn òyìnbó ló máa wá pa òun? Ó tọ́ka sí ìlà kejì lára pátákó náà, ó ní kí n ka ìyẹn náà.

"Wọ́n ní ohun tí ẹ bá gbé wá, ẹ gbé e padà."

"Òfin gidi," ó ní. Ó wojú mi díẹ̀, ó sì bọ́ síwájú.

Líńdà kò purọ́. Ara tù ú. Bàbá mi tó máa ń fi ọwọ́ di ògiri mú rìn nínú ilé mi, ló ń lọ geerege níwájú mi lójú ọ̀nà inú igbó náà. Ó ń fọwọ́ kan èèpo igi. Ó ń fi ọ̀pá ha ilẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ gbóòórùn, ó ní ilẹ̀ yìí á gba ẹ̀gẹ́ bí kò bá sí ti òtútù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. N kò gbọ́ ìfé rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Kánádà. Inú mi dùn, inú dídùn náà sì ń gún mi, torí mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi bà á jẹ́. Mo ń wá ibi tí màá ti sọ ọ́. Mo ní bí a bá dé ìdí igi yẹn. A dé ibẹ̀, mo ní bí a bá jẹun tán.

A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lórí òkúta kan, a tún ń rìn. Ọ̀nà náà yí, igbó là sílẹ̀ díẹ̀, a sì rí ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹnu ọ̀nà lásán ni mo wí. Àtẹ̀gùn òkúta ló kù, àti apá kan ògiri, àti ibi ìdáná tí wọ́n fi bíríkì mọ, igi kékeré sì ti hù nínú rẹ̀. Igi ápù méjì dúró níwájú, òdòdó funfun bò wọ́n, ẹni tó gbìn wọ́n kò sí. Koríko ti bo àtẹ̀gùn náà tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba etí rẹ̀ là ń rí.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó súnmọ́ àtẹ̀gùn náà, kò gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó dúró bí ẹni tó dé ilé àna.

"Àgò onílé o!" ó ké.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré. Ó dúró. Ó dẹ etí. Ẹyẹ kan fò kúrò.

"Àgò onílé o!"

"Bàbá, kò sẹ́nìkankan níbẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Bó ti kọ́ wa láti kékeré ló ń ṣe: ilé tí wọn kò bá dá èèyàn lóhùn, èèyàn kì í wọ̀ ọ́. Ó tún kágò. Mo wo aago, mo wo ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ń jó mi, ọkọ̀ ò sì ní pẹ́ dé. Sùúrù mi tán.

"Àgò yà o," mo ní. "Àgò yà, Bàbá. Ẹ wọlé, ẹ wò ó, ká máa lọ."

Ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ojú tó fi wò mí yẹn, ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

"Ìwọ lo dáhùn," ó ní.

"Bàbá, mo kàn..."

"Kò burú. Ẹni tó bá ní àgò yà ni onílé. O ti di onílé níbí, ọmọ ẹ náà sì ti di onílé. Mo dúpẹ́ fún un." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Àmọ́ bí ẹnìkan bá dé iwájú ilé mi ní Ayépé lónìí, tó kágò, ta ni yóò dá a lóhùn? Ìyá ẹ tó wà nínú ilẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di koríko tó wà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ mú, ó fà á tu. Ó tún fa òmíràn. Mo ní wọn ò gbà kí èèyàn tu nǹkan níbẹ̀, ibi tí ìjọba dá sí ni. Ó ní kí ìjọba wá bá òun níbẹ̀. Ó ń tu ú, ó ń gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti ń ṣe nílé. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ń mí gúlegúle, ó ń ro iwájú ilé òyìnbó tí kò mọ̀ rí, torí pé kò lè dé iwájú ti ara rẹ̀. Èmi ni kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Kì í ṣe òkun, kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Èmi ni.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń tu ú pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ tutù. A tu àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tán, òkúta rẹ̀ yọ, ó ti jẹ láàárín níbi tí ẹsẹ̀ àwọn onílé ti ń tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, mo ti sún ìrìnàjò yín. Ó ti di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ṣe é, mi ò sì lè sọ fún yín nílé, ni mo ṣe mú yín wá síbí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Koríko wà nínú rẹ̀. Ó wo koríko náà.

"Kò burú," ó ní.

"Ó burú, Bàbá." Mo bú sẹ́kún. "Ẹ má sọ pé kò burú mọ́. Ó burú. Bàbá oníbàbá ni mo ń tọ́jú káàkiri, mo sì fi tèmi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀."

"Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀?" Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, ohùn olùkọ́. "Èèyàn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Tọ́ní ò ṣẹ̀ mí. Ìwọ náà, mo rí bí o ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé lójoojúmọ́. Bí mo bá ní kí o jẹ́ kí n máa lọ, kí lo máa ṣe? Ìdí tí mo ṣe ń dákẹ́ nìyẹn."

Mo ní màá dá a padà. Mo ní lọ́sẹ̀ yìí ni màá dá a padà sí oṣù kẹfà tó wà tẹ́lẹ̀, kó má tú àpò rẹ̀.

"Ta ni yóò máa wà pẹ̀lú Tọ́ní?"

"Mi ò tíì mọ̀. Màá wá ẹni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Fèrè ọkọ̀ dún láti etí omi. Mo fún un lọ́wọ́, ó dìde, eékún rẹ̀ ń ró. Ó fi ẹ̀wù mi àtijọ́ nu ọwọ́, a padà gba ọ̀nà tí a gbà wá, kò súfèé mọ́, n kò sì retí pé kó súfèé.

Nínú ọkọ̀, ó jókòó tì mí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì tó ti dọ̀tí sáàárín orúnkún. Ìlú ń tóbi bọ̀ níwájú wa, mo tilẹ̀ lè ka àwọn àjà ilé tí à ń gbé, mo ń wá wíńdò wa. Mo ń ro ẹni tí màá bẹ̀. Líńdà? Ọkùnrin oníkọ́? Àbí kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀? Ìtìjú tí mo gbé lọ sí erékùṣù náà ni mo ń gbé bọ̀, ó kàn jẹ́ pé àwa méjèèjì la ti jọ mọ̀ ọ́n báyìí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi máa ń pàṣẹ fún mi, ó máa ń gbà mí nímọ̀ràn, ó sì máa ń dákẹ́. N kò gbọ́ ọ kí ó bẹ̀ mí rí. Ó fi èjìká kàn mí, ó gbé ẹnu súnmọ́ etí mi nítorí ariwo ẹ̀rọ.

"Ẹni tí o ní o máa wá yẹn," ó ní. "Ìyá mi, jọ̀ọ́. Tètè wá a."